Ọjọ́ mẹ́wàá ní Ùgáńdà: ẹyẹ wo ló yẹ kí ará Ìbàdàn lọ wá?

Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi. Ó ń pé ẹni ọgọ́ta ọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ fi ìrìn àjò ẹyẹ wíwò ní Ùgáńdà ta á lọ́rẹ. Ọjọ́ mẹ́wàá ni. Iléeṣẹ́ kan ti to ibi tí wọn yóò dé fún un: Mabamba, Budongo, Murchison, Kibale, Semuliki, Queen Elizabeth àti Bwindi. Owó tí wọ́n kọ sí iwájú amọ̀nà ló ká a lára. Ó ní: “Ṣé kò ní dáa kí n yọ owó amọ̀nà kúrò, kí awakọ̀ kàn máa gbé mi kiri, kí n fi owó yẹn sùn sí ilé ìtura tó gbayì? Ojú mi ṣì ń ríran dáadáa, mo sì mọ ẹyẹ díẹ̀.”

Màmá, ẹ kú ìmúra ọjọ́ ìbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan owó amọ̀nà. Ilé ìtura ni kí ẹ dín kù. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ fa igi lé Budongo, Murchison àti Semuliki.

Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ báyìí. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Òyìnbó ni wọ́n kọ ọ́ fún. Igbó kìjikìji tó ti ìhà ọ̀dọ̀ tiwa lọ, tó gba Kamẹrúùnù kọjá sí Kóńgò, ìwọ̀-oòrùn Ùgáńdà ni ìrù rẹ̀ parí sí. Òyìnbó tó fẹ́ rí ẹyẹ igbó Kóńgò ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ wọ Kóńgò, Semuliki ni yóò lọ, nítorí ibẹ̀ ni igbó Kóńgò ti yọ orí wọ Ùgáńdà. Kò burú fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ńkọ́? Àtíòro ńlá dúdú tí wọ́n ń lọ wò níbẹ̀, èyí tí gògóńgò rẹ̀ búlúù, àti ìkejì rẹ̀ tó ní ìrù gígùn àti irun funfun lórí, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń gbé Nàìjíríà. Àwọn ẹyẹ apẹja inú igbó tí wọ́n fi ń polówó Budongo, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bíi ṣokoléètì àti èyí tí àyà rẹ̀ búlúù, wọ́n wà nínú igbó tiwa náà. Kí ará Ìbàdàn wọ bàálù lọ sí Semuliki láti rí ohun tí mọ́tò lè gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní igbó Ọmọ tàbí igbó Okomu, mi ò rí ọgbọ́n níbẹ̀.

Mo rántí ọjọ́ kan ní Bigodi, abúlé kan létí igbó Kibale. A dúró létí àbàtà, ẹyẹ ńlá kan sì fò kọjá lórí wa, ó bà sórí igi ọ̀pọ̀tọ́. Ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní Great Blue Turaco ni. Àwọn Òyìnbó mẹ́rin tó wà pẹ̀lú mi dákẹ́ lọ gbáà, ọ̀kan nínú wọn nu ojú. Ẹnu tèmi ló kàn ṣí fúnra rẹ̀: agbe ló láró, kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn. Amọ̀nà wa, ọmọ Bigodi, ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n sì túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó wá sọ ohun kan fún mi tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: osùn tó wà ní apá àwọn ẹyẹ ìdílé yìí, bàbà ló wà nínú rẹ̀, irú bàbà tí à ń fi ṣe wáyà iná, kò sì sí ìdílé ẹyẹ mìíràn láyé tó ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbátan àlùkò tiwa wà ní Ùgáńdà, Ross's Turaco, ara rẹ̀ dúdú tó ń dán bí ẹlú, ìyẹ́ apá rẹ̀ sì pọ́n bí osùn. Ẹ ó rí àwọn méjèèjì lójú ọ̀nà Kibale láìjẹ́ pé ẹ wá wọn.

Kí ló wá yẹ kí ẹ torí rẹ̀ rin ìrìn àjò? Ohun tí a kò ní. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo máa ń pín in sí: àbàtà adágún Victoria, igbó Kibale nítorí ẹyẹ kan péré, àti òkè Bwindi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Mabamba, nítorí mo mọ̀ pé òun ni àwọn ọmọ yín rí lórí fóònù tí wọ́n fi pinnu. Ẹyẹ tó wà níbẹ̀ ni shoebill. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní abu markub, baba oníbàtà, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí àgógó ẹnu rẹ̀ dà bí bàtà onígi tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó ga tó mítà kan lé díẹ̀, ara rẹ̀ bí eérú, ó sì máa ń dúró bí baálé tí wọ́n jí ní òru. Ó lè wà lójú kan fún wákàtí kan láì mira. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹja kan wà nínú àbàtà yẹn tó ní ẹ̀dọ̀fóró bíi ti èèyàn. Afẹ́fẹ́ kò pọ̀ nínú omi àbàtà, nítorí náà ẹja yìí gbọ́dọ̀ máa gòkè wá mí. Ẹyẹ mọ̀. Ó ń dúró de ìgbà tí omi yóò ru. Bó bá ti ru báyìí, gbogbo ara ẹyẹ náà ni yóò wó lu omi, orí, apá, ẹsẹ̀, bí ìgbà tí àpò sìmẹ́ńtì jábọ́ látorí ọkọ̀. Tó bá tún dìde, koríko àti ẹrẹ̀ ló máa kún ẹnu rẹ̀, ẹja á sì wà láàárín wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ lójú mi, mo sì ti lọ síbẹ̀ ju ìgbà tí mo lè kà lọ.

Ọkọ̀ ojú omi kékeré ni wọn yóò fi gbé yín wọ inú àbàtà, ní ojú ọ̀nà omi tóóró tó wà láàárín papírọ́ọ̀sì, koríko tó ga ju èèyàn lọ tí orí rẹ̀ ṣù bí ìrùkẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń tukọ̀ náà ni ìtàn gan-an wà lọ́wọ́ wọn. Láyé àwọn baba wọn, apẹja tó bá bá shoebill pàdé láàárọ̀ gbà pé òfìfo ni àwọ̀n òun yóò jẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì máa ń pa ẹyẹ náà kí àyà wọn lè balẹ̀. Lónìí, ọmọ àwọn apẹja yẹn ló ń fi ọkọ̀ gbé àlejò lọ wò ó. Àdéhùn Ramsar, tó ń dáàbò bo ilẹ̀ olómi káàkiri àgbáyé, sì ti gba Mabamba wọlé láti ọdún 2006. Ẹ lọ ní kùtùkùtù. Tó bá di ọ̀sán, ọkọ̀ á pọ̀, ẹyẹ á sì ti wọ inú koríko lọ. Ẹ sọ fún atukọ̀ pé ẹ kò fẹ́ sún mọ́ ọn jù. Àwọn àlejò kan máa ń rọ̀ wọ́n pẹ̀lú owó kí wọ́n tu ọkọ̀ dé abẹ́ imú ẹyẹ nítorí fọ́tò, èyí kò sì dáa rárá.

Nínú papírọ́ọ̀sì kan náà, ẹ tẹ́tí sí gonolek. Ẹ mọ ẹyẹ tí àyà rẹ̀ pupa fòò, tí orí rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ìyeyè, tó máa ń ké fèrè nínú igbó ṣákálá lọ́dọ̀ wa? Ìbátan rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èyí kì í kúrò nínú papírọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá ge papírọ́ọ̀sì gbin nǹkan síbẹ̀, wọ́n ti pa ilé rẹ̀ run nìyẹn.

Kibale: ẹyẹ kan péré. Green-breasted Pitta. Ó kéré, ìrù rẹ̀ kúrú, àyà rẹ̀ tutù bí ewé tuntun, ikùn rẹ̀ pupa. Ilẹ̀ ló ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń fi ẹsẹ̀ tú ewé gbígbẹ, kò sì ní sọ̀rọ̀. Àmọ́ ní ìdájí, kí ojúmọ́ tó là tán, akọ rẹ̀ á gun ẹ̀ka igi tí kò ga, á fò sókè díẹ̀, apá rẹ̀ á dún pìrrr, á tún bà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìran yìí, ó sì parí di ọ̀la. Nítorí náà ẹ̀ṣọ́ ọgbà àti amọ̀nà yín á ti mú yín wọ igbó nígbà tí òkùnkùn ṣì wà. Oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni àkókò rẹ̀ dáa jù. Tí ẹ bá ti rí i tàbí tí ẹ kò rí i, ẹ lọ jẹun, kí ẹ sì fi ọ̀sán rìn ní Bigodi. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló ń bójú tó àbàtà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, owó àlejò ni wọ́n sì fi ń ran ilé ìwé lọ́wọ́.

Queen Elizabeth, ẹ sùn níbẹ̀ ní òru kan nítorí pé ó wà lójú ọ̀nà. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lórí Kazinga, tó so adágún George pọ̀ mọ́ Edward. Erinmi, efọ̀n, òfú, gbogbo wọn á jókòó fún yín kí ẹ wò wọ́n. Ó dùn, kò sì le.

Bwindi ni mo fẹ́ kí ẹ kó ọjọ́ yín lé lórí. Òkè tó yí àfonífojì Albertine ká, láti Ùgáńdà dé Rùwáńdà, Bùrúńdì àti ìlà-oòrùn Kóńgò, ní ẹyẹ tí kò sí níbòmíràn láyé, ó sì ju ogún nínú wọn lọ tí ẹ lè rí ní Bwindi. UNESCO ti kọ igbó náà sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé láti 1994. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ ìnàkí ńlá, gorilla. Tí ẹ bá fẹ́ rí gorilla, ìwé àṣẹ rẹ̀ wọ́n: ní 2020 wọ́n gbé e láti $600 sí $700 fún àlejò ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ ní kí iléeṣẹ́ náà béèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ Áfíríkà báyìí, kí ẹ sì rà á ní oṣù púpọ̀ ṣáájú. Tèmi ni pé ọjọ́ tí ẹ bá fi wo gorilla, ẹ ti yọ ọ́ kúrò nínú ọjọ́ ẹyẹ.

Ẹyẹ tí àwọn èèyàn torí rẹ̀ ń gun òkè Ruhija ni African Green Broadbill. Ó tutù bí ewé, ọ̀fun rẹ̀ búlúù díẹ̀, kò tóbi ju ẹ̀ga lọ. Ọdún 1909 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní gbogbo Ùgáńdà, Bwindi nìkan ló wà. Láti rí i, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àbàtà Mubwindi. Sísọ̀ náà rọrùn. Bíbọ̀ ni wàhálà, nítorí òkè gíga ni ẹ ó máa gùn padà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti Ìbàdàn lọ. Ọgọ́ta ọdún kì í ṣe ìṣòro. Mo ti rí ẹni tó jù bẹ́ẹ̀ lọ tó lọ tó bọ̀. Ẹ kàn gba ọ̀dọ́ kan ní ẹnu ọ̀nà kó bá yín gbé àpò, kó sì fún yín lọ́wọ́ níbi tó bá yọ̀. Ẹ má tijú. Iṣẹ́ oòjọ́ wọn ni, àlejò tó sì gbé àpò ara rẹ̀ ti fi oúnjẹ ọjọ́ náà dù wọ́n.

Ní Bwindi gan-an ni ẹ ó ti mọ ìdí tí mo fi ní kí ẹ má yọ amọ̀nà. Ẹ ní ojú yín ṣì ń ríran. Mo gbà. Ojú kì í ṣe olórí ohun tí a fi ń wo ẹyẹ nínú igbó, etí ni. Amọ̀nà tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ wòkè. Á dúró, á tẹ orí wálẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ àdúrà, á wá na ìka sí ibì kan tó jẹ́ ewé lásán lójú yín. Ohun mìíràn tún wà. Nínú igbó òkè, ẹyẹ kì í tú ká káàkiri. Oríṣiríṣi wọn máa ń kóra jọ rìn papọ̀, kòkòrò tí èyí bá dà láàmú, ìyẹn á gbé e. Ẹ lè rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìgbọ́ nǹkankan, kí agbo kan wá dé lójijì, ogún oríṣi ẹyẹ lórí igi mẹ́ta, bí ìgbà tí àwọn tó ń sin ìyàwó bá yọ ní ìkóríta. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún wọ́n ti kọjá. Tí kò bá sí ẹni tó ń pe orúkọ wọn fún yín bí wọ́n ti ń kọjá, “àwọn ẹyẹ kéékèèké kan” ni ẹ ó kọ sínú ìwé yín. Awakọ̀ kò lè ṣe é. Awakọ̀ tó bá lè ṣe é, ó ti di amọ̀nà, ẹ sì san owó amọ̀nà fún un.

Èmi náà jìyà rẹ̀ rí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo gba ìlànà irú tiyín yìí, igbó mẹ́rin ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo sì yan èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. “Amọ̀nà” wọn ń sùn nínú mọ́tò. Ohun tí mo mọ̀ jù lọ nígbà tí mo padà délé ni eruku ojú ọ̀nà.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí yóò mú yín rìn, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ bi í bó ṣe máa ń wá broadbill. Tó bá ní òun máa ń fi fóònù ké ohùn rẹ̀ títí yóò fi yọ, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹyẹ tó gbọ́ ohùn yẹn rò pé akọ mìíràn ti wọ ilẹ̀ òun ni. Á fi ìtẹ́ sílẹ̀, á máa jà pẹ̀lú ẹni tí kò sí, ojoojúmọ́, nítorí gbogbo àlejò ló fẹ́ fọ́tò. Tó bá jẹ́ obìnrin ni ẹ ó fẹ́ kó mú yín rìn, ẹgbẹ́ Uganda Women Birders wà. Inú wọn ni mo ti rí etí tó mú jù lọ tí mo tíì bá pàdé.

Bí mo bá jẹ́ yín, báyìí ni mo ṣe máa pín ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ kìíní, Entebbe, kí ẹ sinmi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ rìn lọ sínú ọgbà igi ìgbàanì tó wà létí adágún, ẹ gbójú sókè. Odídẹrẹ́ wà níbẹ̀, nínú igi, láìsí àgò, láìsí ẹni tó ń kọ́ ọ ní “ẹ káàbọ̀”. Àwa tí à ń fi ìkóódẹ ṣe adé, ìwọ̀nba lára wa ló ti rí i kó fò. Ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé kí òwò odídẹrẹ́ inú igbó dópin. Ọjọ́ kejì, Mabamba. Ọjọ́ kẹta, ọ̀nà Fort Portal títí dé Kibale. Ọjọ́ kẹrin, pitta ní ìdájí, Bigodi ní ọ̀sán. Ọjọ́ karùn-ún, Queen Elizabeth. Ọjọ́ kẹfà, kí ẹ wọ Buhoma, ní ìsàlẹ̀ Bwindi. Ọjọ́ keje níbẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ, ẹ rọra gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní the Neck gòkè lọ sí Ruhija, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní gbogbo ibi tí amọ̀nà bá ní kí ẹ sọ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án, Mubwindi. Ọjọ́ kẹwàá, ìrìn àjò padà, ó sì gùn, odindi ọjọ́ kan nínú mọ́tò. Ẹ bẹ àwọn ọmọ yín fún ọjọ́ kan sí i, kí ẹ lè sùn sí Mburo lójú ọ̀nà. Lékelèke tó tò tẹ̀ lé màlúù Ankole oníwo gígùn níbẹ̀ á rán yín létí ìgbà tí à ń nawọ́ sí i pé kó fún wa ní èékánná funfun.

Ẹrù yín kò ní pọ̀. Ẹ ra awò awọ̀nàjíjìn olójú méjì tí wọ́n kọ 8x42 sí lára. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà yín ní èyí tó ń fà á jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọwọ́ á máa gbọ̀n, inú igbó á sì ṣókùnkùn. Súwẹ́tà, nítorí Ruhija tutù lálẹ́ ju bí ẹ ti rò. Ẹ má wọ funfun nínú igbó. Ẹ má wọ búlúù tàbí dúdú ní Queen Elizabeth, nítorí àwọ̀ wọ̀nyẹn ló ń fa eṣinṣin tsetse. Ẹ má sì wọ aṣọ tó jọ ti ológun níbikíbi, òfin wọn kò gbà á. Ẹ gba físà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra, ẹ mú yẹ́lò káàdì yín dání, ẹ sì bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oògùn ibà. Àwa ará Nàìjíríà ló máa ń sọ pé ibà kò lè mú wa lájò.

Ó ku ohun kan, òun ló sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Láàárín ìsinsìnyí sí ìgbà tí ẹ ó wọ bàálù, ẹ gba àyè kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wọ igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn yín níbẹ̀. Ẹ dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ di ojú, ẹ fi etí nìkan ka iye ohùn tí ẹ gbọ́. Ẹ ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ìgbà márùn-ún. Ìbátan ẹ̀ga kan wà níbẹ̀, ara rẹ̀ dúdú, orí àti àyà rẹ̀ pupa. Malimbus ibadanensis ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé láti 1958, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló sì wà ní gbogbo ayé. Gbogbo amọ̀nà tí mo mọ̀ ní Ùgáńdà ló mọ orúkọ yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, tí ẹ bá ti sọ ìlú tí ẹ ti wá, ohun tí wọn yóò bi yín nìyẹn: ṣé ẹ ti rí i?